Ẹ̀sọ̀ Ni Gìtá Títa: Bí Ọmọ Yorùbá ní Ìlú Bìní Ṣe Lè Kọ́ Títa Tí Ohùn Rẹ̀ Kì Í Já

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé ní ìlú Bìní, ẹni tí ó bá ń gba ọ̀nà Sapele bọ̀ wá sí Ring Road, tàbí tí ó bá ń kọjá ní Ugbowo lẹ́bàá Yunifásítì, yóò máa gbọ́ ìró gìtá láti inú ṣọ́ọ̀ṣì kan dé òmíràn, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ akọrin ti ń múra sílẹ̀ de ìsìn ọjọ́ kejì. Àwọn ọmọ tiwa kò gbẹ́yìn nínú wọn. Ọmọ oníṣòwò láti Ìjẹ̀bú wà níbẹ̀, ọmọ olùkọ́ láti Èkìtì wà níbẹ̀, ọmọ awakọ̀ láti Ọ̀yọ́ náà wà níbẹ̀. Inú ẹni a máa dùn láti rí i pé àwọn ọmọ tí a bí sí ẹ̀yìn odi kò fi ọwọ́ lẹ́rán. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ òbí ti ṣàkíyèsí: gìtá tí wọ́n fi owó gọbọi rà fún ọmọ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún a ti máa gbé ara ògiri, tí eruku bò ó, kí ọdún tó parí.

Bí a bá bi irú ọmọ bẹ́ẹ̀ léèrè ìdí tí ó fi dáwọ́ dúró, kì í sábà sọ pé orin sú òun. Ohun tí yóò sọ ni pé ìró tí òun ń gbọ́ lábẹ́ ọwọ́ ara òun kò jọ èyí tí òun ń gbọ́ lábẹ́ ọwọ́ àwọn ọ̀gá. Ti àwọn ọ̀gá ń ṣàn bí omi odò. Ti òun ń já wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bí ìgbà tí ènìyàn ń ṣẹ́ igi ìdáná. Ọ̀rọ̀ ọmọ náà tọ̀nà, kò sì yẹ kí a fi pé kò ní ẹ̀bùn dá a lóhùn. Ìyàtọ̀ kan pàtó ni ó wà láàrin títa méjèèjì, ìyàtọ̀ náà sì ṣeé kọ́. Òun ni a fẹ́ yẹ̀ wò nínú àpilẹ̀kọ yìí, nítorí pé ọ̀nà àbùjá kan wà sí i fún ẹni tí a bí sí inú èdè Yorùbá.

OHUN TÍ À Ń PÈ NÍ LEGATO

Àwọn ará Ítálì ni ó fún irú títa bẹ́ẹ̀ ní orúkọ tí gbogbo ayé fi ń pè é: legato, èyí tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ ohun tí a so pọ̀. Nínú ìwé orin, ìlà títẹ̀ bí ọrun ọdẹ ni wọ́n máa ń fà sórí àwọn ohùn tí wọ́n fẹ́ kí olórin so mọ́ ara wọn. Ní ti ẹni tí ń fi ẹnu kọrin, yóò kọ ohùn púpọ̀ nínú èémí kan ṣoṣo. Ní ti ẹni tí ń fọn fèrè, kò ní fi ahọ́n gé atẹ́gùn láàrin ohùn kan sí èkejì. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ le fún onígìtá jù wọ́n lọ, nítorí pé láti ìgbà tí ó bá ti ta okùn ni ohùn okùn náà ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í kú, kò sì sí èémí tí ó lè fi gbé e ró.

Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ a máa fi ọwọ́ ọ̀tún ta okùn lẹ́ẹ̀kan fún gbogbo ohùn tí ó bá fẹ́ gbọ́. Bí ọwọ́ òsì bá pẹ́ díẹ̀ kí ó tó dé ibi tí ó ń lọ, tàbí bí ó bá tètè gbé ìka sókè, àlàfo yóò wà láàrin ohùn méjì. Àlàfo yìí ni etí ń gbọ́ bí igi tí a ń ṣẹ́. Nínú legato, ọwọ́ ọ̀tún yóò ta okùn lẹ́ẹ̀kan, ìka ọwọ́ òsì yóò sì mú ohùn kejì, àní ẹ̀kẹta pàápàá, jáde lára okùn tí ń dún lọ́wọ́. Ọ̀nà mẹ́ta ni ó ń gbà ṣe é.

Ọ̀nà kìíní ni kíkàn. Nígbà tí okùn ń dún lọ́wọ́, ìka mìíràn yóò sọ̀ kalẹ̀ lé e lórí kíákíá bí ìgbà tí òòlù bá bọ́ lé ìṣó, ohùn yóò sì gòkè. Ọ̀nà kejì ni fífàtu. Ìka tí ó wà lórí okùn yóò fà á díẹ̀ sí ìhà ilẹ̀ bí ó ti ń kúrò, ohùn yóò sì sọ̀ kalẹ̀ sọ́dọ̀ ìka mìíràn tí ó ti ń dúró dè é lẹ́yìn. Ọ̀nà kẹta ni wíwọ́: ìka kan náà yóò rìn lórí okùn láti ibì kan dé ibòmíràn láìgbéra, ohùn yóò sì máa bá a lọ.

Àwọn onígìtá ilẹ̀ Spéènì ti ń lo ọ̀nà wọ̀nyí láti ọjọ́ pípẹ́, àgbà wọn Andrés Segovia, tí ó gbé ayé láti 1893 sí 1987, sì ṣe ìwé ìdánrawò lé e lórí. Ní ti gìtá oníná, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan tí ń jẹ́ Allan Holdsworth, tí a bí ní 1946 tí ó sì kú ní 2017, sọ legato di ọ̀nà ara rẹ̀ débi pé etí kì í tètè mọ ibi tí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ti ta okùn.

ÀYÀN TI MỌ̀ Ọ́N TIPẸ́

Bí orúkọ náà tilẹ̀ jẹ́ ti àlejò, iṣẹ́ náà kì í ṣe àjèjì ní ilẹ̀ wa. Ẹ wo àyàn tí ó gbé ìyá ìlù dùndún kọ́ èjìká. Ọwọ́ kan mú kọ̀ǹgọ́, ọwọ́ kejì di ọsán ìlù mú. Bí ó bá lu awọ lẹ́ẹ̀kan tí ó sì fún ọsán náà kí ìró tó kú, ohùn yóò gòkè. Bí ó bá dẹ ọsán, ohùn yóò sọ̀ kalẹ̀. Lílù kan, ohùn méjì. Bí ọwọ́ kan ṣe ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ tí ọwọ́ kejì sì ń parí rẹ̀ lára ìlù, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni legato rí lára gìtá.

Kí ló dé tí àyàn fi nílò irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀? Ìdí ni pé bẹ́ẹ̀ ni ẹnu wa ń sọ̀rọ̀. Kí òǹkàwé pe "ìwé" sókè, kí ó sì fetí sí ẹnu ara rẹ̀. Ohùn ìsàlẹ̀ ni ó fi bẹ̀rẹ̀, ohùn òkè ni ó fi parí, ṣùgbọ́n kò fò láti ìsàlẹ̀ bọ́ sí òkè. Ó gùn ún bí ẹni gun àkàsọ̀. Kí ó tún pe "rárà", irú èyí tí àwọn asunrárà ń sun. Níhìn-ín, ohùn bẹ̀rẹ̀ láti òkè, ó sì rọra sọ̀ kalẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́ta tí ó ń gbọ́ Yorùbá nínú ilé ń ṣe èyí láti òwúrọ̀ di alẹ́ láìronú. Ohun tí onígìtá òyìnbó ń fi ọ̀pọ̀ oṣù kọ́ etí rẹ̀, ó ti wà ní ẹnu tiwa.

Àwọn onílé wa náà ní tiwọn. Èdè Ẹdó jẹ́ èdè tí ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ ń yí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ padà gẹ́gẹ́ bí tiwa. Kí gìtá tó dé ilẹ̀ yìí rárá ni àwọn àgbà Bìní ti ní akpata, ohun èlò olókùn kan tí àwọn apàlọ́ ń ta lóru bí wọ́n ti ń sọ ìtàn. Nítorí náà, kì í ṣe ohun ìyanu pé ìlú yìí ni ọ̀kan nínú àwọn onígìtá tí ó lókìkí jù lọ ní Nàìjíríà ti jáde wá.

ẸNI TÍ ÌLÚ BÌNÍ FI Ń ṢÈRÈ

Ọjọ́ kìíní oṣù Kẹta ọdún 1941 ni a bí Victor Uwaifo ní ìlú Bìní, ibẹ̀ náà ni ó sì kú sí ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹjọ ọdún 2021, lẹ́yìn tí ó ti pé ọmọ 80 ọdún. Gìtá kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ lójú nígbà tí ó wà ní ọmọdé, kò sì sí owó tí yóò fi rà á. Ó wá pákó pẹlẹbẹ, ó fi ṣe ara gìtá. Ó fi sípóòkù kẹ̀kẹ́ ṣe àwọn irin ọrùn rẹ̀. Ó sì fi kọ́kọ́rọ́ tí a fi ń ṣí agolo sàdíìnì ṣe ohun tí yóò máa fi fa okùn le. Lórí ohun èlò bẹ́ẹ̀ ni ìka rẹ̀ ti kọ́kọ́ mọ̀nà.

Lẹ́yìn náà ni ó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ St. Gregory's ní Èkó, ó sì kọ́ iṣẹ́ àwòrán ní Yaba College of Technology. Ní Èkó ni ó ti bá ẹgbẹ́ Victor Olaiya ṣiṣẹ́, ìyẹn ọmọ Yorùbá tí ó gba ipò iwájú nínú orin háíláìfù. Ẹ ò rí i pé bí ọmọ Bìní ṣe lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọmọ Yorùbá ní Èkó nígbà náà, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọ Yorùbá ń kọ́ṣẹ́ ní ìlú Bìní lónìí. Ní 1965 ni Uwaifo dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, Melody Maestros, orin Joromi tí ó sọ̀rọ̀ akọni ìjàkadì inú ìtàn Ẹdó sì mú kí ilé iṣẹ́ àwo Philips fi àwo oníwúrà dá a lọ́lá. Guitar Boy tẹ̀ lé e ní 1966. Orin náà tàn kálẹ̀ débi pé nígbà tí àwọn ọmọ ogun kan gbìyànjú láti gba ìjọba ní Gánà ní oṣù Kẹrin ọdún 1967, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fún ìdìtẹ̀ wọn. Nígbà tí ó tún yá, ó mú ìlù Ekassa, èyí tí í ṣe ti ayẹyẹ ìgbádé ọba ní Bìní, ó sì gbé e sórí gìtá.

Ẹ̀kọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ lè rí kọ́ nínú àwọn àwo wọ̀nyí kò lóǹkà, ṣùgbọ́n ọ̀kan ju ìyókù lọ. Kí ó fetí sí bí ẹnu àti gìtá ṣe ń dá ara wọn lóhùn bí ẹni méjì tí ń jíròrò. Kí ó mú gbólóhùn gìtá kúkúrú kan ṣoṣo, èyí tí kò ju ohùn mẹ́rin tàbí márùn-ún lọ. Kí ó kọ́kọ́ fi ẹnu kọ ọ́ títí tí yóò fi mọ ọ́n lórí. Lẹ́yìn èyí ni kí ó tó gbé gìtá. Ohùn tí ẹnu kò bá lè so pọ̀, ìka kò ní lè so ó pọ̀.

BÍ GÌTÁ ṢE DI TIWA

Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ pẹ̀lú pé kò sí ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ láti inú ìwé ńlá. Àwọn atukọ̀ Kru láti ilẹ̀ Làìbéríà ni ó gbé gìtá káàkiri etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ìka méjì péré, àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá, ni wọ́n sì fi ń ta á. Lọ́wọ́ wọn ni Jacob Sam ti ilẹ̀ Gánà ti kọ́ ọ, òun pẹ̀lú ẹgbẹ́ rẹ̀ Kumasi Trio sì kọ orin Yaa Amponsah sínú àwo ní London ní 1928. Irú títa yìí ni ó wọ ilé ẹlẹ́mu, tí a fi ń pè é ní orin ẹlẹ́mu títí di òní.

Nígbà tí gìtá oníná àti gángan pàdé nínú orin jùjú lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, gìtá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ bí a ti ń sọ̀rọ̀ lọ́dọ̀ ìlù. Ẹni tí ó bá fẹ́ gbọ́ ibi tí wíwọ́ ohùn lè dé, kí ó gbọ́ àwo King Sunny Adé ti ọdún 1982, Juju Music, níbi tí Demola Adepoju ti ń fi ọ̀pá irin wọ́ ohùn lórí gìtá onítẹsẹ̀. Ohùn náà ń ké, ó ń rẹ̀ sílẹ̀, kò sì já. Irú gìtá bẹ́ẹ̀ kò sí ní àrọ́wọ́tó gbogbo ènìyàn, ṣùgbọ́n ìka lásán lè ṣe díẹ̀ nínú iṣẹ́ rẹ̀ lórí gìtá tí ó wà nílé.

DÒ, RÈ, MÍ LÓRÍ OKÙN KAN

Ẹ jẹ́ kí á wá bọ́ sí ojú iṣẹ́. Ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni a ti kọ́ wa pé ohùn Yorùbá mẹ́ta ni dò, rè, mí: ìsàlẹ̀, àárín àti òkè. Gìtá tí a bá tún okùn rẹ̀ ṣe bí gbogbo ayé ti ń ṣe é ní ohùn mẹ́ta wọ̀nyí lórí okùn kan ṣoṣo. Okùn tín-ínrín jù lọ ni okùn kìíní, nítorí náà kí akẹ́kọ̀ọ́ ka okùn láti ìsàlẹ̀ lọ sókè títí dé ìkẹta. Kí ó sì ka àwọn àyè tí ó wà láàrin irin ọrùn gìtá láti ìhà orí wá. Lórí okùn kẹta yìí, àyè karùn-ún ni dò, àyè keje ni rè, àyè kẹsàn-án ni mí.

Kíkàn ni kí ó fi bẹ̀rẹ̀. Kí ó fi ìka ìfábẹ̀lá ọwọ́ òsì tẹ àyè karùn-ún, kí ó ta okùn lẹ́ẹ̀kan, kí ó sì jẹ́ kí ìka òrùka bọ́ lé àyè keje kíákíá. Dò ti di rè. Ọ̀rọ̀ tí yóò máa fi ẹnu pè bí ó ti ń ṣe é ni "ìka", irú èyí tí ó wà lọ́wọ́. Bí ìka òrùka kò bá bọ́ dáadáa, ohùn kejì kò ní gòkè, "ìka" yóò sì di "ìkà". Kò sí ẹni tí ó fẹ́ kí gìtá òun ya ìkà, nítorí náà kí ó tún un ṣe. Lẹ́yìn náà kí ó pe "àga" àti "òde", nítorí pé ohùn kan náà ni wọ́n ní.

Fífàtu ni ó tẹ̀ lé e. Ìka méjèèjì ni yóò kọ́kọ́ wà lórí okùn, ìfábẹ̀lá ní àyè karùn-ún, òrùka ní àyè keje. Bí ó bá ta okùn, rè ni yóò dún. Kí ìka òrùka wá fa okùn díẹ̀ sí ìhà ilẹ̀ bí ó ti ń kúrò, dò yóò sì jáde. Ọ̀rọ̀ tí yóò máa pè ni "ọkọ̀", irú èyí tí a ń wọ̀ lọ sí ilé. Bí ó bá kàn gbé ìka sókè láìfà á, ohùn kejì yóò kú, "ọkọ" nìkan ni etí yóò sì máa retí. "Ilẹ̀" àti "ọjà" náà wúlò níbí.

Wíwọ́ ni ìkẹta. Kí ó fi ìka òrùka tẹ àyè keje, kí ó ta okùn, kí ó sì wọ́ ìka náà lọ sí àyè kẹsàn-án láìgbé e kúrò lára okùn. Rè ti di mí: "ilé", "owó", "ọkọ́". Bí èyí bá ti mọ́ ọn lọ́wọ́, kí ó wọ́ láti karùn-ún dé ìkẹsàn-án, kí ó lè pe "ìwé", "ìyá" àti "ìlú". Kí ó wọ́ padà láti ìkẹsàn-án sí ìkarùn-ún, kí ó pe "rárà" àti "pákò". Ẹni tí ó bá ti lè ṣe gbogbo èyí ti tó gbólóhùn odindi sọ. "Bàbá ti dé" jẹ́ dò, mí, rè, mí. Kí ó ta okùn fún "Bàbá", kí ó wọ́ ọ. Kí ó tún ta á fún "ti dé", kí ó wọ́ ọ. Títa méjì péré ti mú ohùn mẹ́rin jáde.

ÀWỌN ÀṢÌṢE TÍ Ó WỌ́PỌ̀

Àṣìṣe àkọ́kọ́ ni agbára. Akẹ́kọ̀ọ́ a rò pé bí ohùn kíkàn kò bá ròkè, kí òun fi gbogbo apá tẹ̀ ẹ́. Ohun tí ohùn náà ń fẹ́ ni kí ìka yá, kì í ṣe kí ó wúwo. Kí ìka má gbéra ju bí ìwọ̀n ìka kan lọ sókè okùn, kí ó sì sọ̀ kalẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá.

Èkejì ni ibi tí ìka ń bọ́ sí. Bí ó bá bọ́ sí àárín àyè, okùn yóò máa dún bí eṣinṣin. Etí irin tí ó wà níwájú, èyí tí ó súnmọ́ ikùn gìtá, ni ó yẹ kí ó súnmọ́, ṣùgbọ́n kí ó má gun orí irin náà.

Ẹ̀kẹta ni àtàǹpàkò tí ó di ọrùn gìtá mú bí ẹni di ẹ̀ka igi mú kí ó má bàa já bọ́. Àtàǹpàkò tí ó le koko kò ní jẹ́ kí ìka yòókù rìn. Kí ó rọra fara ti ẹ̀yìn ọrùn gìtá.

Ẹ̀kẹrin ni ariwo àwọn okùn tí a kò pè. Orí ìka ìfábẹ̀lá lè fara kan okùn kẹrin díẹ̀, kí ikùn rẹ̀ sì sùn lé okùn kejì àti ìkíní, kí wọ́n lè dákẹ́.

Ìkarùn-ún ni ìkánjú. Ohùn tí ọwọ́ òsì mú jáde a máa fẹ́ sáré ṣáájú àsìkò rẹ̀. Aago ògiri tí ń ró kọ́ọ̀ kọ́ọ̀ ni olùkọ́ tí ó sàn jù níbí, nítorí pé 60 ìgbà ni ó ń ró ní ìṣẹ́jú kan. Kí ohùn kìíní bọ́ sí ìró kan, kí ohùn kejì bọ́ sí èyí tí ó tẹ̀ lé e. Ẹni tí kò ní irú aago bẹ́ẹ̀ yóò rí èyí tí yóò máa ka àsìkò fún un lórí fóònù.

Ní ti ìrora, kí á sọ òótọ́. Orí ìka yóò ta akẹ́kọ̀ọ́ ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́ títí tí awọ rẹ̀ yóò fi le. Ìyẹn kò ní ewu. Ṣùgbọ́n bí ọrùn ọwọ́ tàbí iṣan apá bá ń ro ó, kí ó gbé gìtá sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kí ó sinmi. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ẹ̀bi náà máa ń jẹ́ ti ohun èlò. Bí okùn irin bá ga ju mílímítà 3 lọ kúrò lára irin kejìlá, ọmọdé kò ní rí i tẹ̀ dáadáa. Kí òbí gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ń tún gìtá ṣe, kí ó bá a sọ okùn rẹ̀ kalẹ̀, kí wọ́n tó sọ pé ọmọ náà kò lágbára. Okùn tín-ínrín ni kí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ sì rà.

Ìṣẹ́jú 15 lójoojúmọ́ tó. Kíkàn nìkan ni kí ó ṣe ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, kí ó fi fífàtu kún un ní ọ̀sẹ̀ kẹta àti ìkẹrin, kí ó sì fi wíwọ́ kún un láti ọ̀sẹ̀ karùn-ún lọ. Ẹni tí ó fi wákàtí mẹ́ta ta gìtá ní ọjọ́ Sátidé tí kò sì fọwọ́ kàn án mọ́ títí di Sátidé mìíràn, ìka rẹ̀ yóò ti gbàgbé.

Ọ̀RỌ̀ FÚN Ẹ̀YIN ÒBÍ

Ẹ̀yin òbí tí ẹ wà ní ìlú Bìní àti ní àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn gbogbo, ó ṣeé ṣe kí ẹ máa rò pé ọ̀rọ̀ yìí kò kàn yín nítorí pé ẹ kò mọ gìtá ta. Ó kàn yín gan-an. Ọmọ tí a bí sí ìdálẹ̀ ń sọ Gẹ̀ẹ́sì ní ilé ẹ̀kọ́, ó ń sọ píjìn ní òpópónà, ó sì ń bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ Ẹdó. Gbogbo èyí dára. Ṣùgbọ́n Yorùbá rẹ̀ ń kù sí etí nìkan: ó ń gbọ́, kò ń sọ ọ́, ìgbà tí ó bá sì gbìyànjú láti sọ ọ́, gbogbo ohùn a tẹ́ pẹrẹsẹ, tí a kò ní mọ bóyá ọkọ́ ni ó ń pè tàbí ọkọ̀. Ohùn ni ó ń kọ́kọ́ sá kúrò lẹ́nu ọmọ bẹ́ẹ̀, kí àwọn ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé e.

Nítorí náà, ẹ jókòó ti ọmọ yín fún ìṣẹ́jú 15 náà. Ẹ̀yin ẹ máa pe ọ̀rọ̀, kí òun máa fi gìtá dá yín lóhùn. Ẹ pe "ìyá", kí ó wọ́ ọ. Ẹ pe "ọjà", kí ó fà á tu. Ẹ pe "Fẹ́mi", kí ó wá ibi tí mí ti ń sọ̀ kalẹ̀ sí rè. Bí ó bá ṣì í, etí yín yóò mọ̀ ọ́n kí tirẹ̀ tó mọ̀ ọ́n, nítorí pé ẹ kò nílò ìwé orin kankan láti mọ̀ pé "ìka" ti di "ìkà". Ọmọ yóò rí olùkọ́ tí kò gba owó, òbí yóò sì rí ọmọ tí ó tún ń gbọ́ èdè rẹ̀ dáadáa. Bí kò bá tilẹ̀ di olókìkí, bí ó jẹ́ ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì nìkan ni ó bá dé, èrè ti wà níbẹ̀ fún gbogbo ilé.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í ni ni lára. Gìtá tí ó wà lára ògiri yẹn, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ fún ọmọ náà lónìí, ẹ nu eruku rẹ̀, kí ẹ sì pe ọ̀rọ̀ kìíní.